Ta Ni Yóò Dáhùn fún Iṣẹ́ Tí Ènìyàn àti Ẹ̀rọ Jọ Ṣe?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé kéwú, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé àwọn àgbà onímọ̀ wa ti mọ ojú rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ní apá tàbí ẹsẹ̀ tàbí táyà, tí ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn ń darí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ yìí ti kúrò ní ohun tí a ń wò nínú fíìmù lásán. Wọ́n ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò àti ní ilé ìkẹ́rùsí. Àní nínú Mọ́sálásí Haram ní Mẹ́kà pàápàá, àwọn aláṣẹ ti ń lo ẹ̀rọ láti pín omi Zamzam fún àwọn àlejò Ọlọ́hun láti ọdún 2021. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé, nígbà tí ènìyàn àti ẹ̀rọ bá jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan, ǹjẹ́ wọ́n gbọ́ ara wọn yé? Bí iṣẹ́ náà bá sì bàjẹ́, tí ẹ̀mí sọnù tàbí dúkìá ṣòfò, ta ni yóò dáhùn?

Àwọn bàbá wa a máa sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí á ronú sí òwe yìí, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Iṣẹ́ ẹrú ni iṣẹ́ tí ẹni tí ó rán ni kò ro ibi tí yóò já sí. Kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ ni pé kí ẹni tí a rán fi làákàyè tirẹ̀ kún un, kí ó tún èyí tí ó wọ́ ṣe, kí ó yọ èyí tí yóò dá ìjà sílẹ̀ kúrò, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Bí a bá rán ọmọ kéwú kan pé kí ó lọ fi kẹ́tùlù bu omi àlùwàlá wá, tí ó débẹ̀ tí ó rí i pé ìdí kẹ́tùlù náà ti lu, kò ní dúró máa bu omi sínú ohun tí ń jò. Yóò wá ike tàbí garawa, yóò sì sáré, nítorí pé àkókò ìrun ń lọ. Kì í ṣe ohun tí a sọ nìkan ni ó gbọ́, ó gbọ́ ìdí tí a fi sọ ọ́. Ẹ̀rọ a máa gbọ́ ohun tí a sọ, ó tilẹ̀ lè gbọ́ ọ ju ọmọ lọ. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ni kò gbọ́, àfi ìwọ̀nba tí ẹni tí ó ṣe é bá ti rò tẹ́lẹ̀ tí ó sì fi sí i nínú.

Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an ń jẹ́rìí sí èyí. Karel Čapek, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Czech, ni ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà nínú eré orí ìtàgé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ R.U.R., èyí tí ó jáde ní ọdún 1920, tí wọ́n sì ṣe ní ìlú Prague ní ọdún 1921. Josef ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fún un ní ọ̀rọ̀ náà. Inú “robota” ni wọ́n ti fà á yọ, èyí tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe tí àwọn mẹ̀kúnnù máa ń ṣe lóko ọlọ́lá láyé àtijọ́ láìgba owó. Iṣẹ́ ẹrú náà kúkú nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó ni èrò náà ti ṣẹ̀. Ismail al-Jazari, ẹni tí ó bá àwọn ọba Artuqid ṣiṣẹ́ ní Diyarbakır tí ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, parí ìwé ńlá kan ní ọdún 1206 lórí àwọn ẹ̀rọ tí ó ti ṣe. Aago wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fa omi sókè wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí a ṣe ní àwòrán ìránṣẹ́ tí ń da omi àlùwàlá sí ọba lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé ọba kò fẹ́ kí ẹrú máa da omi sí òun lọ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wò ó: omi tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà ní ìwọ̀n, bí ó bá sì ti ń dà, kò bèèrè bóyá ọba ti fọ apá òsì tán tàbí kò tí ì fọ̀ ọ́. Ọba ni yóò yára bá ẹ̀rọ. Ẹrú tí ó dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń wo ojú ọba.

Bí ọ̀rọ̀ ti wà nìyẹn títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ní ọdún 1961 ni wọ́n gbé róbọ́ọ̀tì tí ń jẹ́ Unimate sí ẹnu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ General Motors kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fa irin gbígbóná yọ nínú ẹ̀rọ tí ń dà á, iṣẹ́ tí ó máa ń jó òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. A kò rí aburú nínú èyí rárá. Ẹni tí ó bá mú iná kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ti ṣe rere. Ṣùgbọ́n apá irin yìí kò lójú, kò létí. Ibi tí wọ́n bá ní kí ó nà sí náà ni yóò nà sí, ìbáà jẹ́ irin ni ó wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ orí ọmọ ènìyàn. Nítorí náà wọ́n ń fi ọgbà irin yí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ká, ènìyàn ń bẹ lóde, ẹ̀rọ ń bẹ nínú. A kò lè pe ìyẹn ní àjọṣe.

Kò pẹ́ tí a fi rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wọ inú ọgbà náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1979, ní ilé-iṣẹ́ Ford tí ó wà ní Flat Rock ní ìpínlẹ̀ Michigan, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25 kan gun àwọn pẹpẹ ìkẹ́rùsí lọ láti lọ mú irin tí ó yẹ kí ẹ̀rọ mú wá. Apá ẹ̀rọ náà gbá a lórí, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó dùn wá jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀rọ náà kò dúró. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà tó rí òkú rẹ̀. Kò bínú sí i, kò sì kábàámọ̀. Lójú ẹ̀rọ náà, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kí wá ni à ń pè ní kí ẹni méjì gbọ́ ara wọn yé lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ wo obìnrin méjì tí wọ́n ń gún iyán nínú odó kan. Ọmọ odó kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, wọn kò sì kọlu ara wọn. Kò sí ẹni tí ó ń ka ení èjì fún wọn, wọ́n tilẹ̀ lè máa tàkúrọ̀sọ lórí rẹ̀. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á ti mọ̀ láti inú èémí rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Bí ọ̀kan bá na ọwọ́ sínú odó láti yí iyán padà, èkejì á dá ọmọ odó tirẹ̀ dúró lókè. Èyí mọ ohun tí èkejì fẹ́ ṣe, èkejì sì mọ̀ pé ó mọ̀, àwọn méjèèjì sì jọ mọ ohun tí wọ́n ń wá, èyíinì ni iyán tí kò ní kókó fún àwọn tí ebi ń pa nínú ilé. Odó yìí ni a ó máa fi wọn ẹ̀rọ wò.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò sùn, wọ́n ti gbìyànjú. Ní ọdún 1996, Edward Colgate àti Michael Peshkin, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, gbé irú ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn, kí wọ́n jọ gbé ẹrù kan, wọ́n sì pè é ní “cobot”, ìyẹn róbọ́ọ̀tì alájọṣe. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Universal Robots ní Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í ta apá kékeré kan tí yóò dúró bí ó bá kan ènìyàn. Ní ọdún 2016, àjọ ISO tí ń ṣe ìlànà fún gbogbo ayé gbé ìwé kan jáde lórí irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín ara ènìyàn sí ibi 29, wọ́n sì sọ bí ẹ̀rọ ṣe lè fi agbára tẹ ibì kọ̀ọ̀kan mọ kí ó tó di ìrora. Láti lè mọ̀ ọ́n, wọ́n ní láti lo ìwádìí tí Yunifásítì Mainz ní Jámánì ṣe lára àwọn ènìyàn tí wọ́n fínnúfíndọ̀ gbà kí a tẹ àwọn títí yóò fi dùn wọ́n. A kò mọ̀ bóyá kí á rẹ́rìn-ín sí èyí tàbí kí á yìn wọ́n. A yìn wọ́n.

Èyí tí ó wù wá jù ni ẹ̀rọ Baxter tí ilé-iṣẹ́ Rethink Robotics ti ìlú Boston, tí Rodney Brooks dá sílẹ̀, gbé jáde ní ọdún 2012. Apá méjì ni ó ní, gíláàsì tẹlifíṣọ̀n kékeré sì ni orí rẹ̀, wọ́n ya ojú méjì sí i. Kí apá rẹ̀ tó lọ sí ibì kan, ojú náà á kọ́kọ́ yí sí ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní láti ka ìwé kankan kí ó tó mọ̀ pé kí òun yẹ ọwọ́ kúrò. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò dì mú, wọn yóò sì mú un lọ sí ibi tí wọ́n fẹ́, gẹ́gẹ́ bí àáfà ti ń di ọwọ́ ọmọ kékeré mú lórí wàláà. Ọjà kò tà tó, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá sílé ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n èrò náà dára.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ojú tí a yà sórí gíláàsì, tí kì í ṣe òun ni ẹ̀rọ fi ń ríran, ǹjẹ́ ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé ohun tí àmì bá ń sọ ni a ó wò. Ojú Baxter ń sọ pé, “Ibí yìí ni apá mi ń lọ.” Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni apá náà ń lọ. Kò yàtọ̀ sí iná tí mọ́tò ń tàn kí ó tó yà. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ẹ̀rín sí ẹnu ẹ̀rọ, kí arúgbó tí wọ́n fi í tì lè rò pé inú ẹ̀rọ náà dùn láti rí òun, irọ́ ni ẹ̀rín náà ń pa. Kò sì tún burú bí ẹni tí ó kọ́ ọ, tí ó mọ̀ pé kò sí ìdùnnú kankan nínú irin náà.

Bí ó ti rọrùn tó láti gba irú irọ́ yìí gbọ́, Joseph Weizenbaum ti rí i tipẹ́. Ní ọdún 1966, ní MIT, ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní ELIZA. Ohun tí ó ń ṣe kò ju kí ó gba gbólóhùn ẹni, kí ó yí i po, kí ó fi ṣe ìbéèrè padà. Bí ènìyàn bá sọ pé ọkàn òun bàjẹ́ nítorí ìyá òun, á ní kí ó sọ̀rọ̀ sí i nípa ẹbí rẹ̀. Akọ̀wé Weizenbaum fúnra rẹ̀, tí ó mọ bí ọ̀gá òun ti ṣe é, tí ó sì rí i nígbà tí ó ń ṣe é fún oṣù púpọ̀, jókòó sí ìdí rẹ̀, kò pẹ́ tí ó fi ní kí ọ̀gá jáde kúrò nínú yàrá kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà débi pé ó fi èyí tí ó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kìlọ̀ fún aráyé. Lónìí tí àwọn ẹ̀rọ tí ń dáhùn ọ̀rọ̀ lórí fóònù ti gbọ́n ju ELIZA lọ ní ìlọ́po tí a kò lè kà, ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n tí ẹ kò fi lọ bàbá tàbí ìyá yín. A kò ní kí ẹ má lò wọ́n. Àwa náà ń lò wọ́n láti wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé dídáhùn tí ó bá ọ̀rọ̀ mu kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí ó dáhùn bá wa jẹ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu tí ó tóbi jù kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, inú iṣẹ́ ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ sọ ti Tempe.

Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2018, ní ìlú Tempe ní ìpínlẹ̀ Arizona, mọ́tò Volvo kan tí ilé-iṣẹ́ Uber ń dán wò ń wa ara rẹ̀ lọ lójú títì. Ẹnìkan jókòó sínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà, kí ó sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ṣú. Obìnrin ẹni ọdún 49 kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì níbi tí kì í ṣe ojú ìsọdá. Mọ́tò náà kọlù ú, ó sì kú. Àjọ NTSB tí ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà parí ìwádìí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ náà ti rí obìnrin yìí ní ìṣẹ́jú àáyá 5.6 kí ó tó kọlù ú. Kò fọ́jú. Ohun tí ó rí ni kò mọ̀. Ó pè é ní mọ́tò, ó pè é ní nǹkan mìíràn, ó pè é ní kẹ̀kẹ́, bí ó bá sì ti ń yí orúkọ padà ni ó ń tún ìṣirò ibi tí nǹkan náà ń lọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é kò fi í sí i nínú pé ènìyàn lè sọdá níbi tí kò sí ojú ìsọdá. Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ pé ibi tí ó bá wu ènìyàn ni ó ń sọdá. Volvo náà ní bíréékì pàjáwìrì tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á nígbà tí kọ̀ǹpútà Uber bá ń wa ọkọ̀, kí àwọn méjèèjì má baà máa du ọkọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni méjì ni ó ń wà nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ náà dín wọn kù sí ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà sì ń wo eré lórí fóònù.

Ó rọrùn láti gbé gbogbo ẹ̀bi lé olùṣọ́ yìí lórí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983, Lisanne Bainbridge, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ ọ yóò máa le sí i. Ó ní ènìyàn, bí ó ti wù kí ó ní ìtara tó, kò lè tẹjú mọ́ ohun tí nǹkan kì í sábà ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Àwa tí a ń gbọ́ kéwú lẹ́nu ọmọ mọ èyí dáadáa. Ọmọ tí ó ń ṣìṣe ni kì í jẹ́ kí àáfà tòògbé, èyí tí ó mọ̀ ọ́n kà ni ó ń kun àáfà lóorun. Nítorí náà ẹni tí ó fi ènìyàn kan ṣoṣo ti ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, lóru, tí ó ní kí ó máa wo títì, mọ̀ tàbí ó yẹ kí ó mọ̀ pé olùṣọ́ náà kò ní lè ṣọ́ ọ.

Ibí yìí ni a ti fẹ́ fa ọ̀rọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ wa wọlé. Nínú hàdíìsì Adiyy ọmọ Hatim, èyí tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim, ọkùnrin ọlọ́dẹ yìí bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nípa ẹran tí ajá ọdẹ bá pa. Kí ẹ wò ó, ajá lẹ́sẹ̀ ju ọdẹ lọ, imú rẹ̀ sì mú ju ti ọdẹ lọ. Òun ni ó ń pa ẹran náà, ọdẹ lè má sí níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ìdáhùn tí ó gbà ni pé bí o bá rán ajá rẹ tí ó ti kọ́ṣẹ́, tí o sì ti ṣe bísímílà, jẹ ohun tí ó bá mú fún ọ. Bísímílà ẹni tí ó rán an ni ó bá ajá lọ sínú igbó. Bí ajá bá jẹ nínú ẹran náà, má jẹ ẹ́, nítorí ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ó mú un fún. (Imam Malik, tí àwa ará ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, kò mú èyí le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́.) Bí ajá mìíràn bá sì dà pọ̀ mọ́ tìrẹ, má jẹ ẹ́, nítorí ajá tìrẹ ni o ṣe bísímílà lé lórí, o kò ṣe é lórí ti ẹlòmíràn.

A kò rí ìdájọ́ mìíràn tí ó bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mu tó èyí. Lákọ̀ọ́kọ́, kò bi wá bóyá ajá ní èrò tirẹ̀ tàbí kò ní, ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ayé òde òní ń fi ọjọ́ gbogbo jiyàn lé lórí nípa ẹ̀rọ. Ajá tilẹ̀ ní èmí, ó ní ìfẹ́ inú, ẹ̀rọ kò ní. Síbẹ̀ ọdẹ ni iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, àníyàn rẹ̀ ni a wò. Ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn sọ ohun tí ó ń jẹ́ ajá tí ó ti kọ́ṣẹ́: bí a bá rán an, yóò lọ, bí a bá sì pè é padà, yóò dúró. Ajá tí kò ṣeé pè padà kì í ṣe ajá ọdẹ, ajá inú igbó ni. Mọ́tò tí wọ́n ti pa bíréékì pàjáwìrì rẹ̀, tí ẹni tí ó yẹ kí ó pè é padà sì jẹ́ ẹni tí a mọ̀ pé yóò sùn lọ, ṣé a lè sọ pé ó ti kọ́ṣẹ́?

Ti ajá tí ó dà pọ̀ ni ó ṣòro jù. Nínú mọ́tò Tempe, àwọn tí wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá tí wọ́n dín olùṣọ́ kù wà níbẹ̀, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣí títì wọn sílẹ̀ fún ìdánwò wà níbẹ̀, olùṣọ́ náà wà níbẹ̀. Ta ni ó pa á? Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹran, ìdájọ́ ni pé nígbà tí iyèméjì bá wọ̀ ọ́, kí a fi ẹran sílẹ̀. Ẹran kan ni a pàdánù, a ó lọ jẹ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ ẹ̀mí ènìyàn, kò sí ohun tí a lè fi sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ó ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà lójú tiwa, kí á tó rán ajá jáde ni kí á ti yanjú iyèméjì. Kí gbogbo ẹni tí ó ní ọwọ́ nínú ẹ̀rọ kan mọ̀ ṣáájú, ní kíkọ sílẹ̀, ohun tí òun yóò dáhùn fún. Èyí tí kò bá sí ẹni tí yóò dáhùn fún un, kí wọ́n má gbé e jáde sí ojú títì.

Àwọn kan wà tí wọ́n rí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dáhùn fún ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2017, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí àwọn aláṣẹ gbé e yẹ̀ wò bóyá àwọn róbọ́ọ̀tì tí ó gbọ́n jù lè ní ipò kan bí ti ènìyàn lójú òfin, kí wọ́n lè máa san ohun tí wọ́n bá bàjẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ìjọba Saudi Arabia kéde pé àwọn sọ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Sophia di ọmọ onílẹ̀. Ti Sophia, eré ìpolówó ni, a ó fi í sílẹ̀. Ti Yúróòpù ni ó yẹ kí á dáhùn, àwọn onímọ̀ tí ó lé ní 150 sì ti kọ lẹ́tà ta kò ó ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Ẹ̀rọ kò ní owó tirẹ̀ tí yóò fi san ìtanràn, owó ẹlòmíràn ni yóò san. Bí a bá tì í mọ́lé, kò ro ó. Ojú kì í tì í, kò lè tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ òkú, kò lè ronú pìwà dà. Bí a bá gbé ẹ̀bi lé e lórí, kò sí ibi tí ẹ̀bi náà dúró sí. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ yóò kàn rọra yọ lẹ́yìn ni, gẹ́gẹ́ bí olówó ayé àtijọ́ tí ó rán ẹrú rẹ̀ lọ ṣe ohun tí kò tọ́, tí ó sì ní kí wọ́n lọ mú ẹrú.

Àwọn mìíràn tún wà láàárín wa tí wọ́n ní kí Mùsùlùmí jìnnà sí gbogbo rẹ̀. A kò bá wọn lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà tí ń fi ẹ̀rọ da Vinci ṣiṣẹ́ abẹ, èyí tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2000, jókòó sí ìdí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan yàrá, ọwọ́ irin tínńtín sì ń ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe, ní ibi tí ọwọ́ ẹran ara kò lè wọ̀. Kò sí ẹni tí ń bèèrè níbẹ̀ pé ta ni ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ní ilé ìkẹ́rùsí Amazon, tí wọ́n kéde ní ọdún 2025 pé ẹ̀rọ tí àwọn ń lò ti pé mílíọ̀nù kan, òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ wọ ibi tí àwọn ẹ̀rọ ń rìn yóò wọ ẹ̀wù kan tí yóò máa sọ fún wọn pé ènìyàn ń bọ̀, wọn yóò sì rọra rìn tàbí kí wọ́n dúró. Bí irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ bá wà ní Flat Rock ní ọdún 1979, bóyá ọmọ náà ì bá ti dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí àwọn ẹjọ́ méjèèjì ṣe parí. Ní ọdún 1983, àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti gbọ́ ẹjọ́ Flat Rock ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà san mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là fún ẹbí ọmọ náà. Wọn kò ní ọmọ náà ni ó gun ibi tí kò yẹ kí ó gùn. Ní ti Tempe, ilé-iṣẹ́ náà bá ẹbí olóògbé parí ọ̀rọ̀ láìdé kóòtù, ní oṣù kẹta ọdún 2019 agbẹjọ́rò ìjọba sì ní òun kò rí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí òun lè fi kan ilé-iṣẹ́ náà. Olùṣọ́ ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ní oṣù keje ọdún 2023, ó gbà pé òun jẹ̀bi fífi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, wọ́n sì ní kí ó wà lábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ó jẹ̀bi, a kò yí i padà, nítorí iṣẹ́ tí ó gbà ni kí ó máa wo títì, fóònù ni ó sì ń wò. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó pa bíréékì, òun kọ́ ni ó gbàgbé pé ènìyàn ń sọdá níbi tí ó wù ú, òun kọ́ ni ó ní kí ẹnì kejì má wọkọ̀ mọ́. Ìdájọ́ ti ọdún 1983 ni ó tẹ́ wa lọ́rùn jù nínú méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó dá a kò tí ì rí ẹ̀rọ tí ó gbọ́n tó ti òní.